Ìràwọ̀ Lára Mọ́gáàdì

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún jórinjórin tó jókòó sí apá ọ̀tún yín pé mi ò ní fi ọ̀dà bo irin tí kò tíì lẹ̀ mọ́ra."

Màmá tó ni ọkọ̀ yíjú sí apá ọ̀tún. "Ó ní kí n sọ fún ọ pé..."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ bá mi bi í pé, láti ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń jórin, irin ta ló já rí?"

Màmá tún yíjú sí apá òsì. Ọ̀gá àgbà iléèwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ìjà ọmọléèwé tó ti parí kò lóǹkà, àmọ́ kò tíì rí irú èyí rí, tí àwọn oníjà jókòó jẹ́ẹ́ sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí wọ́n fi òun sáàárín bí òpó wáyà.

"Àbí ẹ̀yin méjèèjì kọ́ ni tọkọtaya ni?"

"Nílé ni, mà," obìnrin náà dáhùn. "Níbí, èmi ni pẹ́ńtà, òun ni jórinjórin."

Ojú Àṣá ni wọ́n ń pe pẹ́ńtà yìí ládùúgbò. Kò sí àwọ̀ ọkọ̀ tó máa wò lẹ́ẹ̀kan tí kò ní lè pò ó. Ọkọ ẹ̀ ló máa ń gé ibi tó ti dípẹtà kúrò lára ọkọ̀, á jó irin tuntun sí i, òun á wá kùn ún títí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ wọn sì máa ń bára mu bí ọwọ́ ọ̀tún àti òsì tó ń wẹ ara wọn. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ojú Àṣá ti fi ìka kan ojú ìjórin tó wà ní mọ́gáàdì ẹ̀yìn, ó ní kò dá òun lójú. Ọkọ ẹ̀ ní kó kùn ún bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ òun ti parí. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà mọ́.

"Ẹ ò kúkú wá kùn ún?" ni màmá bẹ̀bẹ̀. "Àbúrò mi ń bọ̀ láti òkè òkun lọ́jọ́ Sátidé. Ọdún mọ́kàndínlógún! Ọkọ̀ bàbá wa lèyí, inú ẹ̀ làwa méjèèjì ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ó bi mí lórí fóònù bóyá ó ṣì wà, mo ní ó ń dán gbinrin." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnu mi ló sáré ju ọkọ̀ lọ."

Tọkọtaya bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí wọ́n rántí pé àwọn ń jà, wọ́n panu mọ́.

Ojú Àṣá dìde. Ó ṣí búùtù, ó ká kápẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀, ó gbé tọ́ọ̀ṣì tó ti tàn sẹ́yìn mọ́gáàdì, ó sì pa búùtù dé. "Ẹ bá mi bẹ jórinjórin kó tú tapólì ẹnu ọ̀nà sílẹ̀."

Ọkọ ẹ̀ kò dúró de alágbàsọ. Ó fa tapólì wálẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù sì ṣókùnkùn.

Lára mọ́gáàdì, ní gbogbo eteetí ibi tí wọ́n jó, ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ń ṣẹ́jú: méjì lókè, mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀wọ́ kan nísàlẹ̀.

"Ó mà rẹwà o," ni màmá wí. "Bí ìràwọ̀."

"Ó rẹwà, mà. Àmọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń jáde, ibẹ̀ lomi máa gbà wọlé. Bí mo bá fi pọ́tì dí i tí mo kùn ún, yóò dán fún ìgbà díẹ̀. Tí òjò bá dé, pọ́tì á máa mumi, ọ̀dà á wú bí ara tí iná jó, ìpẹtà á sì máa jẹ ẹ́ látinú. Ẹni tó fi aṣọ bo egbò kò tíì wo egbò."

Jórinjórin kúnlẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn, ó tún fi ìka wá àwọn ihò náà kiri.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "ohun tó bá wà nítòsí kì í hàn sí mi dáadáa mọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, mo ní ọwọ́ mi ti mọ̀nà."

Gbogbo ìbínú Ojú Àṣá tán pátá. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta ló máa gbé ọkọ̀ wá fún jórinjórin tí kò ríran?"

Màmá bọ́ gíláàsì tó fi ṣẹ́ẹ̀nì kọ́ ọrùn. "Ó yá, gbé e sójú. Ìwé kíkà ni mo fi ń ṣe, irin náà kò ju ìwé lọ."

Ó gbé e sójú. Ó wo mọ́gáàdì, ó pariwo: "Háà! Ta ló jó èyí? Kí wọ́n mú un!" Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀bù kan.

Báyìí ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ó gé irin náà kúrò, ó gé e kọjá ibi tó pọ́n títí ó fi dé ibi tó mọ́ tónítóní. Ó wọ gíláàsì màmá sábẹ́ ìbòjú ìjórin, ṣẹ́ẹ̀nì ẹ̀ ń mì jòlòjòlò létí ẹ̀, ó ń jó díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí irin má baà gbóná jù kó ká. Nígbà tí wọ́n tún tan tọ́ọ̀ṣì, màmá fúnra ẹ̀ ló dojú bolẹ̀ wo mọ́gáàdì.

"Mi ò rí nǹkan kan o!"

"Ohun tá a fẹ́ nìyẹn, mà."

Ojú Àṣá wá gba iṣẹ́. Ó fi tínà nu ọ̀rá kúrò lára irin, ó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún nínú àti lóde, ó lẹ pọ́tì tí kò nípọn ju èékánná lọ, ó sì fi sáńpépà olómi fá a títí àtẹ́lẹwọ́ kò fi mọ ibi tí ògbólógbòó irin parí sí. Búlúù inú agolo tàn ju ara ọkọ̀ lọ, nítorí oòrùn ti jẹ tara ọkọ̀. Ó kán funfun díẹ̀ sí i, ó kán dúdú, ó kùn ún sórí páànù, ó gbé e sínú oòrùn, ó mi orí. Ìgbà karùn-ún ló tó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Furaidé, ó fín in.

Láàárọ̀ Sátidé, màmá yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí ojú àlẹ̀mọ́ náà. Ó gba gíláàsì ẹ̀, ó fọn fèrè ọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú.

Jórinjórin jókòó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ìyàwó ẹ̀ rò pé dókítà ojú tí àwọn ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ lálẹ́ àná ló fẹ́ pè, ó sì ń gbálẹ̀ lọ.

"Ẹ káàárọ̀, nọ́ọ̀sì. Jórinjórin ni o. Ọkọ̀ yín tí mo jó lóṣù tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ti gba gíláàsì tèmi, ẹ gbé e padà wá, mo fẹ́ tún un ṣe." Ó tẹ́tí díẹ̀. Ìgbálẹ̀ ti dúró lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀.

"Rárá, mà, kò tíì bàjẹ́," ó ní. "Ìdí tí mo fi ń pè yín nìyẹn."