Ọmọ Tó Ń Pe Bàbá Rẹ̀ ní Màmá

Ọjọ́ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ, èmi ni mo kọ́kọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Obìnrin ni. Irun kún orí rẹ̀, ara rẹ̀ dá ṣáká, ṣùgbọ́n ètè òkè rẹ̀ là wọ ihò imú. Nígbà tó ké, mo rí i pé àjà ẹnu rẹ̀ náà là. Agbẹ̀bí rí ibi tí mo ń wò. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù. Wọ́n ń rán an. Oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ọgbọ́n sí."

Oúnjẹ náà ló sì di ogun. Kò lè fa ọmú. Bí a bá fi ṣíbí fún un ní wàrà, ìdajì á gba imú jáde. Ìyá ń sunkún, ọmọ ń sunkún, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ télọ̀ ń rìn yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ká bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọ nù.

Nígbà tí a gbé e dé ọsíbítù, dókítà oníṣẹ́ abẹ wọ̀n ọ́n, ó mi orí. "Kò tíì wúwo tó. Ẹ gbé e padà wá tó bá pé kílò márùn-ún."

Ìyàwó wa bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá ọmọ, kì í ṣe ohun tí o jẹ, kì í ṣe ohun tí o ṣe. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nu ojú rẹ, kí o wo ọwọ́ mi." Ó mú ìgò rírọ̀ kan tó ṣeé fún, ó gbé ọmọ jókòó ṣánṣán, ó ń fún wàrà náà díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọmọ gbé e mì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kó yó.

A dé ilé, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ń fún, èmi ń fún, ẹ̀gbọ́n mi náà ń fún, pẹ̀lú sùúrù tí oníbàárà kankan kò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Oṣù kẹrin, ó kọjá kílò márùn-ún.

Wọ́n rán ètè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ìyá rẹ̀ wò ó títí, omijé bọ́.

Mo ní, "Ìyàwó, kí ló dé? Ó mà rẹwà."

"Àǹtí, mo mọ̀, mo sì dúpẹ́. Ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ ni mò ń rántí. Ó ti mọ́ mi lára."

Mo jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ń fi ojú télọ̀ wo ojú rírán náà. "Dókítà, kò hunjọ rárá. Ta ni ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́?" Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá òun le bí ojú ẹja.

Àjà ẹnu ṣì kù, wọ́n ní ó di ọdún kan ààbọ̀. Kó tó dìgbà náà, ọmọ ti ń sọ̀rọ̀. "Màmá" tètè yọ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọ̀nà imú ni ohùn rẹ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ pe bàbá, afẹ́fẹ́ ti sá gba imú lọ. Ni ìyá bá ń jẹ́ Màmá, bàbá náà ń jẹ́ Màmá. Àwọn oníbàárà gbọ́, orúkọ bá dé.

"Màmá Télọ̀, ṣòkòtò mi ńkọ́?"

"Ọmọ mi, ó ku bọ́tìnnì."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dùn ún. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, á ní, "Bà. Bá." Ọmọ á tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa, á ní, "Mà. Má."

Wọ́n di àjà ẹnu náà. A rò pé ọ̀rọ̀ á kàn máa dà jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ọsíbítù ní kó máa fi ẹnu fẹ́ òwú lórí tábìlì, kí afẹ́fẹ́ lè kọ́ láti máa gba ẹnu jáde. Oṣù mẹ́ta la fi fẹ́ òwú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi dorí kodò, ó ń rán ọrùn ẹ̀wù. Ọmọ fẹ́ kó wo òwú òun. Ó pè é, kò gbọ́. Ó tún pè é: "Bàbá."

Ẹ̀rọ dúró. "Ta ló pè mí?"

"Bàbá, wò ó."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó bọ́ sẹ́yìn ilé, oníbàárà tó ni ẹ̀wù dúró títí ó fi lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní ká fi í sílẹ̀, pé ọpẹ́ ló ń dú.

Ọdún tí ọmọ wọ iléèwé, olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ, ọkàn wa ò balẹ̀. A rò pé wọ́n ń fi àpá ètè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Olùkọ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kìlọ̀ fún ọmọ yín. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí mo ṣe ń kọ́ wọn níwájú, lòun náà ń kọ́ wọn lẹ́yìn."

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ ṣé, olùkọ́. Ẹ ṣé gan-an."

Olùkọ́ wò wá bí ẹni pé ẹjọ́ tó ń rò kò yé wa. Ìyá ọmọ ló ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó parí, olùkọ́ ní, "Ó dáa. Màá mú un wá síwájú, kí èmi náà lè máa gbọ́ ohun tó ń sọ."