Ewé Iwọ Ẹnu Ọ̀nà Ahoro

Òtútù ìparí oṣù karùn-ún ló pa ewé iwọ inú ọgbà Léonce. Ní ìrọ̀lẹ́, ewé náà ṣì dúró, ó ń dán bíi fàdákà. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ti dúdú, ó ti rọ mọ́lẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi. Léonce rìn láàárín rẹ̀ lọ, ó rìn bọ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì súfèé bó ti máa ń ṣe. Ombeline, ìyàwó rẹ̀, ń wò ó láti ojú fèrèsé, ó sì ti mọ ohun tó máa sọ kó tó wọlé.

"Mo máa lọ sí ihò."

Ihò yìí ni èyí tí wọ́n ń gbẹ́ gba abẹ́ òkè kọjá sí ilẹ̀ Suwisi, kí ọkọ̀ ojú irin lè rí ọ̀nà gbà. Omi a máa ya lu àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, òkúta a sì máa já lé wọn lórí. Ẹ̀gbọ́n Léonce fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Inú pósí ni ó gbà padà wálé.

"Léonce, jọ̀ọ́, má lọ."

"Kí la máa jẹ? Bí ìkòkò ò bá rí ewé, ṣé afẹ́fẹ́ la máa sè nínú rẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Ọtí iwọ ni iṣẹ́ ilé wọn. Ewé tí Ìwé Mímọ́ fi ń ṣe àpèjúwe ìkorò ni wọ́n fi ń sè é, pẹ̀lú àwọn èso olóòórùn dídùn, nínú ìkòkò bàbà ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé; gbogbo ìkorò á jókòó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ohun tó bá gun òkè jáde á sì dùn. Bí kò bá sí ewé, kò sí ọtí.

"Ewé iwọ wà ní Combe-Rousse," ni Ombeline wí.

Ìyá àgbà Euphrasie, ìyá ìyá Ombeline, tó ń bẹ ọ̀dùnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, dá ọ̀bẹ dúró. Combe-Rousse ni wọ́n bí i sí. Abúlé kékeré kan lókè ni, àìsàn ló sì gbá gbogbo ilé ibẹ̀ ní ìgbà òtútù kan. Òun nìkan ni wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ọwọ́ tí ẹnì kan fi aṣọ ìdáná Modestine, ìyá rẹ̀, wé. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ mọ́, àfi ewé iwọ. Ewé iwọ fẹ́ràn ibi tí ènìyàn ti gbé rí.

"Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kágò," ni ìyá àgbà wí. "Ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti kágò, kí ẹ ṣe bí ẹni pé onílé wà nínú ilé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, ẹ gé e. Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ tọrọ gáfárà, kí ẹ máa bọ̀ wálé."

"Ìyàwó mi àgbà," ni Léonce fi bá ìyá àgbà ṣeré, "bí wọ́n bá dáhùn, ṣé kí n bá yín kí wọn?"

"Bá mi kí wọn dáadáa, ẹlẹ́nu bí abẹ. Àmọ́ má súfèé níbẹ̀ o. Wọ́n ní bàbá mi ò fẹ́ràn ọkùnrin tó ń súfèé."

Nígbà tí òdòdó iwọ tú, wọ́n gòkè lọ. Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé Combe-Rousse, torí pé ìgbà tí ìrì bá ti gbẹ là ń gé ewé iwọ. Ilé ibẹ̀ ti di àlàpà, òrùlé ti wọlé, ṣùgbọ́n àwọn férémù ẹnu ọ̀nà, tí kò ga, ṣì dúró. Ní ilé àkọ́kọ́, Ombeline kágò. Tata nìkan ló ń dún nínú koríko. Wọ́n gé e. Ní ilé kejì, bákan náà. Ṣùgbọ́n màlúù ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àpò wọn kò sì tíì kún dé àárín. Léonce jókòó sórí òkúta kan nísàlẹ̀, ó ń di ìdì ewé, ó ń súfèé. Ombeline nìkan ló gòkè lọ sí ilé tó gbẹ̀yìn.

Ewé iwọ tó wà níbẹ̀ ga dé àyà. Ó kún ẹnu ọ̀nà fọ́fọ́, bí èrò tó ń dúró de kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

"Àgò onílé o!"

"Àgò yà."

Ohùn obìnrin ni. Kò le, kò sì jìnnà. Ohùn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí tí kò gbójú sókè ni. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ wọlé. Ẹ má dúró sínú oòrùn."

Tata dákẹ́. Ombeline yọjú wo inú ilé: èsìsì ló wà níbẹ̀, àti ọ̀run níbi tí òrùlé wà tẹ́lẹ̀.

"Ṣé wọ́n dáhùn?" Léonce ké láti ìsàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ombeline wo àpò tí kò kún. Lójú inú, ó rí pósí tí wọ́n fi gbé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wálé, àti bí Léonce ṣe fi orí lé ìdérí rẹ̀.

"Rárá," ni ó wí. "Kò sẹ́ni tó dáhùn."

Ó ki dòjé bọ̀ ọ́. Nínú oòrùn ọ̀sán yẹn, igi ewé náà tutù lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń di ọwọ́ ẹlòmíràn mú.

Ọjọ́ tí wọ́n sè é, òórùn tó jáde lára ìkòkò kì í ṣe èyí tí wọ́n mọ̀. Ó ń rùn bí èéfín ààrò, bí irun àgùntàn tútù, bí búrẹ́dì dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná. Ìyá àgbà gbé imú sókè lórí àga rẹ̀.

"Ta ló ń yan búrẹ́dì?"

"Kò sẹ́ni, ìyá."

"Ẹnì kan ń yan búrẹ́dì," ni ìyá àgbà wí, ó sì di ojú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, Léonce bu ọtí náà sínú ife láti tọ́ ọ wò. Ó gbé ṣíbí oníhò lé ẹnu ife, ó gbé ṣúgà lé e, ó na ọwọ́ sí omi tútù. Omi ló ń sọ ọtí iwọ di funfun bíi wàrà. Gbogbo ọmọ Pontarlier, ìlú wọn, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí omi tó kán, ọtí náà ti ń funfun láti ìsàlẹ̀ wá. Ó funfun díẹ̀díẹ̀, ó tún mọ́. Ó funfun, ó tún mọ́, gẹ́gẹ́ bí gíláàsì fèrèsé tí ènìyàn ń mí sí.

"Wo ọtí tí kò ní sùúrù!" ni Léonce wí.

Ombeline ya ẹnu. Bó bá sọ̀rọ̀, Léonce á da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, á dìde, á kọrí sí ihò. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Léonce mu ún tán.

Láti ọjọ́ náà, kò mẹ́nu ba ihò mọ́. Inú Ombeline dùn, fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí i pé ọkọ òun ń tẹ̀ ba bó bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà wọn ga. Ó rí i tó dúró níwájú ògiri lásán, tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tí yóò fi ṣílẹ̀kùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ọbẹ̀ ọ̀dùnkún síwájú rẹ̀, Léonce sì tẹ orí ba.

"Ẹ ṣeun o. Ẹ ò bá má ti ṣe wàhálà. Àlejò kì í ṣiṣẹ́ nílé wa."

"Léonce, ta lò ń pè ní 'ẹ'?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti gbàgbé pé èmi àti ìwọ la jọ sùn mọ́jú?"

Léonce rẹ́rìn-ín padà sí i, irú ẹ̀rín tí à ń rín sí ọmọ tí a kò mọ ilé rẹ̀.

Ombeline sáré lọ kúnlẹ̀ síwájú ìyá àgbà. "Wọ́n dáhùn, ìyá. Ní Combe-Rousse. Mo gbọ́, mo sì gé e."

"Mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Léonce ń fi ọwọ́ pa mí lórí bó bá ń kọjá. Ó ń pè mí ní ọmọ òun." Ìyá àgbà fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. "Ombe, mi ò mọ ojú bàbá mi rí."

"Kí la máa ṣe? Ṣé ọkọ mi máa padà?"

"Níbo ló lọ tí yóò ti padà? Ṣebí o ní kó má lọ. Ó wà nílé."

"Ẹ bú mi nígbà náà! Ẹ bú mi, ìyá!"

Arúgbó náà yí ojú sí ògiri. "Mi ò lè bú ọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi ń dùn."

Bí oòrùn ṣe ń rẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, Léonce wọlé wá. Ó ti nu bàtà Ombeline mọ́, ó ti ká ìborùn rẹ̀ sí apá, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

"Ilẹ̀ fẹ́ ṣú," ni ó wí, pẹ̀lú sùúrù. "Àwọn ará ilé yín á ti máa retí yín. Ọ̀nà òkè yìí ò dáa lálẹ́."

"Ilé mi nìyí, Léonce."

"Àlejò wa yìí mà ń ṣeré o. Ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé ìdí igi ọ̀hún."

Kò bínú. Ká ní ó bínú, ká ní ó tì í, Ombeline ì bá mọ ohun tó máa ṣe. Ṣùgbọ́n inú rere ló fi ń lé e lọ. Bó bá jáde báyìí, ọkọ rẹ̀ wà láàyè, ara rẹ̀ le, òkúta kankan ò ní já lé e, òun ò sì ní ní i mọ́ láé. Ó wo tábìlì. Ife kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, ọtí inú rẹ̀ ń funfun, ó ń mọ́.

Ó gbé e mu, láìsí ṣúgà, láìsí omi.

Ó korò. Ìkorò tó yẹ kó kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ni, gbogbo rẹ̀, ó sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Nígbà tó rí ibẹ̀ jókòó, kò korò mọ́.

Ombeline yíjú padà. Léonce ń wò ó títí, bí ẹni tó rí ènìyàn kan lókèèrè tí kò tíì dá a lójú. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ là.

"Modestine! Níbo lo wà látàárọ̀ tí mo ti ń wá ẹ?"

Ombeline mọ̀ pé orúkọ òun kọ́ nìyẹn. Ó wá orúkọ tirẹ̀ láti fi dá a lóhùn, ó wá a bí ẹni ń fọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn. Kò rí i.

"Mo wà lẹ́yìnkùlé," ni ó wí.

Ó gba ìborùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rìn lọ sídìí ògiri lásán, níbi tí ìṣó kankan kò sí, ó gbé e kọ́ síbẹ̀. Ìborùn náà kò já bọ́.