Ìjà Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Wa

Bùnmi, jókòó tì mí ná, àyà mi ṣì ń já. Mo lá àlá pé àwọn ènìyàn kan tí n kò mọ̀ rí ń sọ òkò lu ìyá wa níwájú ilé. Mo ké sí àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n gbà wá. Sáńnì, Hausa tó ń tún bàtà ṣe, pariwo, "Kariya!", ìyẹn ààbò ní èdè wọn. Ọ̀rọ̀ náà di ògiri, ṣùgbọ́n kò ga ju orúnkún lọ. Télọ̀ ará Kútọnu náà fi èdè Faransé pe ààbò, ó ní, "Défense!" Tirẹ̀ di ilẹ̀kùn, ó sì ti ìyá wa mọ́ òde! Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn náà là ń kọ sára ògiri nílé wa bí a kò bá fẹ́ kí ènìyàn wọlé."

Ni mo bá figbe ta: "Mo gbèjà ìyá mi!"

Àfi gbì! Ìjà náà fò kúrò lára ìyá wa, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó gbóná, ó nírun bí àgbò, ó sì ń mí. Ìyá wa lanu.

"Àkànní, ṣé o gba ìjà lóòótọ́ ni? Jù ú sílẹ̀!"

Ọwọ́ mi kò ṣí. Ìjà náà yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Bí mo ṣe ta jí nìyẹn.