Ìpéǹpéjú Òsì

Ìpéǹpéjú òsì Ìyá Salman wálẹ̀, Hasanat sì parọ́ lójú ẹsẹ̀.

"Wọ́n ń lò ó, Bùọ̀dá mi. Láàárọ̀, lálẹ́."

Salman, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló béèrè bóyá ìyá àwọn ń lo oògùn ṣúgà tí òun máa ń rà wá láti Ìbàdàn. Ó mi orí, ó bu àkàrà jẹ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ pé ó ń bá òun tọ́jú ìyá àwọn. Ọpẹ́ yẹn ta Hasanat lára bí iyọ̀ tí wọ́n fi sójú egbò, ṣùgbọ́n kí ni kó ṣe? Ìyá rẹ̀ ti ṣẹ́jú sí i.

Ojú ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ nílé yẹn. Kí Hasanat tó mọ álífù kà nílé kéú ló ti mọ ojú ìyá rẹ̀ kà. Bí aládùúgbò bá gbé oúnjẹ fún un, tí ìpéǹpéjú òsì ìyá rẹ̀ sì wálẹ̀, á ní òun ti yó, bí ebi tilẹ̀ ń pa á kú lọ. Bí àlejò bá ń tọpinpin ọ̀rọ̀ ilé, tí ìpéǹpéjú náà wálẹ̀, á dákẹ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Ní ti Hasanat, àbọ̀ ojú ti tó o. Gbogbo agboolé ló ń yìn ín ní ọmọ tó mọ ojú. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì báyìí, ó ti bímọ méjì, kò sì tíì dẹ́kun àti máa ka ojú náà.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé oògùn náà wà nínú agolo tíì lókè kọ́bọ́ọ̀dù láti odidi oṣù kan. Ìyá Salman ní ó ń da inú àwọn rú, pé àgbo tí obìnrin kan ń sè ní ìlú Ara ló bá àwọn lára mu. Hasanat fúnra rẹ̀ ló ń gun ọ̀kadà lọ gbé àgbo ọ̀hún wá. Ó rọrùn ju kó máa bá ìyá rẹ̀ jiyàn lọ; ká má purọ́, ìrọ̀rùn ara rẹ̀ ló ń wá.

Salman wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Hasanat yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí àwọn méjèèjì bá ti jọ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ìpéǹpéjú òsì ṣì wà nílẹ̀, ó bo ẹyinjú dé ìdajì. Wọ́n na ọwọ́ sí ife omi, ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Hasanat, ife méjì lo gbé síbí ni?"

Ife kan ni. Hasanat sún mọ́ wọn. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n la ojú náà. Wọ́n gbé iwájú orí sókè títí, ojú kò là tán. Wọ́n ní láti ìdájí ni ẹ̀yìn ojú ọ̀hún ti ń fọ́ àwọn.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, kò sì lè wo ojú wọn. Ó mú fóònù jáde lẹ́ẹ̀mejì kó lè pe Salman padà, ó tún sọ ọ́ sínú báàgì. Ẹnu wo ni yóò fi sọ ọ́? Ẹnu tó fi purọ́ gba ọpẹ́ láàárọ̀ náà?

Dókítà Tèmítọ́pẹ́, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tan iná sí ojú méjèèjì, ó ní kí ìyá fojú tẹ̀lé ìka òun. Ó ní ṣúgà tó bá ga lè ba iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè ṣe é. Àìsàn kan tún wà tó máa ń tètè mú kó rẹ iṣan ara. Nígbà mìíràn, inú orí gan-an ni ọ̀ràn wà, ìdí nìyẹn tí wọn yóò fi ya àwòrán orí lónìí gan-an. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Hasanat.

"Ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn déédéé?"

Ìbéèrè kan náà. Kí Hasanat tó mọ̀, ó ti wo ojú ìyá rẹ̀. Òsì wà nílẹ̀: pa ẹnu rẹ mọ́.

"Rárá," ló wí. "Ó ti tó oṣù kan. Èmi ni mo bá wọn fi pa mọ́."

Ó tẹ orí ba, ó ń dúró de ìbáwí. Ìyá Salman mí kanlẹ̀.

"Èmi ò ṣẹ́jú sí ọ láàárọ̀, ọmọ yìí. Ojú ló ṣubú fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà mí, ojú sì ń tì mí láti jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìwọ ni mò ń retí pé kó o sọ ọ́."

Ojú tí Hasanat ti ń kà láti kékeré, kò tíì wò ó dáadáa rí.

Nọ́ọ̀sì fi òwú bo ojú òsì kí ìyá má baà máa rí nǹkan ní méjì-méjì. Ibi tí wọ́n ti ń dúró de àwòrán orí ni fóònù ti dún. Salman ni, ó ti dé Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n bá òun kí màmá. Hasanat tún wo ìyá rẹ̀, bó ti mọ́ ọn lára. Òwú wà lójú òsì. Ojú ọ̀tún là sílẹ̀ kedere, ó ń wò ó, kò sì sọ nǹkan kan.

"Bùọ̀dá mi," ló wí, "ẹ wá ibì kan jókòó. Irọ́ ni mo pa fún yín láàárọ̀."