Bàbá àti Ìyá Gbọ́dọ̀ Jókòó

Bí Àbísóyè bá pe èèyàn lórí fóònù, èpè ló máa ń gbà bọ̀. Kì í ṣe pé ó bú ẹnikẹ́ni o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ní Sandton, àdúgbò àwọn olówó, ni pé kó máa pe àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n ra inṣọ́ránsì ẹ̀mí, kó bá wọn dá ọjọ́, kí Mandla, òǹtajà iléeṣẹ́ náà, lè lọ bá wọn nílé, kó sì tà á fún wọn. Iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni, lójú ẹni tí kò tíì ṣe é rí. Ìyá Àbísóyè jẹ́ ará Soweto, bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Iléṣà, ṣùgbọ́n torí pé orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́, gbogbo Yorùbá tó wà nínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà ni wọ́n dà sí i láyà.

Ìbéèrè tí ọ̀gá wọn, Lindiwe, sì ní kó fi máa bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Bí ẹ kò bá jí lọ́la, ta ni yóò ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ yín?"

Ẹ gbà mí! Ta ní ń bi Yorùbá nírú ẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù?

"Ìwọ àti ẹni tó rán ẹ ni kò ní í jí!" Èyí wá láti ẹnu obìnrin kan tó ń ta wíìgì. Ọkùnrin kan ní Berea ní kó dúró ná, ó lọ pe ìyàwó rẹ̀ wá, ni tọkọtaya bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n dè é, wọ́n tú u, wọ́n dáná sun ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ní kó ṣe àmín. Ó ṣe é. Ó tiẹ̀ ṣe é ketekete, nítorí pé bàbá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa.

Lindiwe, tó máa ń gbọ́ ìpè wọn láti orí tábìlì tirẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ àmín.

"Kí lo tà fún wọn?"

"Wọn ò tíì ra nǹkan kan, Sisi. Àdúrà la ṣì ń gbà."

Lindiwe kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí Sátidé bá fi lè kọjá tí Mandla kò jókòó pẹ̀lú ìdílé kan, ìdílé kan péré, tó wá láti orí fóònù Àbísóyè, kó má wulẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àbísóyè lára bí ìgbà tí èèrà bá wọ inú aṣọ. Ó jókòó, kò lè jókòó. Ó dìde, kò lè dúró. Àga tó ní táyà lábẹ́ ń gbé e lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó ń gbé e bọ̀. Torí iṣẹ́ yìí ló fi kúrò ní Berea, nínú yàrá tí òun àti àǹtí rẹ̀ Tawakalit àti ọmọ àǹtí náà jọ ń sùn. Ìyá ń hanrun, ọmọ ń hanrun, Àbísóyè wà láàárín bí ẹyin tí wọ́n há sínú búrẹ́dì. Ní báyìí ó ti ní yàrá tirẹ̀. Bó bá gbọ́ híhanrun níbẹ̀, á jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń hanrun. Bí iṣẹ́ bá bọ́, àárín ìyá àti ọmọ náà ló ń padà sí.

Ó yọ́ jáde lọ pe bàbá rẹ̀.

"Dádì, wọ́n tún ti ṣépè fún mi."

"Kí ni wọn ò ṣe ní í ṣépè fún ọ? Ta ní ń fi ikú kí àgbà? Ọmọ yìí, má gba ẹnu ọ̀nà wọlé, gba ẹ̀yìnkùlé. Kí wọn dáadáa. Bi wọ́n léèrè ilé. Sọ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Bí wọ́n bá ti ní kí o máa bọ̀, ó parí."

"Ìgbà wo ni n ó wá dárúkọ ikú?"

"Nígbà tí ẹ bá jẹun tán."

Àbísóyè padà sórí àga. Orúkọ tó kàn ni Adéoyè, ará Rosettenville, tó ń ta páàtì mọ́tò. Ó ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́ọ̀lù kan nígbà tí wọ́n ní ẹni orí bá ṣe lóore yóò gba fíríìjì. Fíríìjì ò wá. Ìpè ló ń wá. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé fóònù náà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ ilé. Bàbá ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

"A dúpẹ́ o. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Àbísóyè ni, Màmá. Ẹ ò tíì mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ mí. Wọ́n rán mi sí yín ni. A fẹ́ wá rí yín nílé."

"Nítorí kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, Màmá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ọmọ yín ni." Ó wo kọ̀ǹpútà. "Oyíndà."

Ohùn tó padà wá ti yàtọ̀; ó ti ń sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Oyíndà wa? Ẹ̀yin mélòó lẹ ń bọ̀?"

"Èmi àti ọ̀gbẹ́ni kan. Òun gan-an lọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, èmi ni n ó máa túmọ̀."

"Kì í ṣe Yorùbá?"

"Súlù ni, Màmá."

"Hùn-ún. Ọlọ́run ló ń yàn. Ṣé ó níṣẹ́ lọ́wọ́?"

"Iṣẹ́ gidi, Màmá. Sandton níbí."

"Ṣé ó máa ń mutí?"

Àbísóyè rò ó pé kò sí ohun tí oníbàárà kì í bèèrè. "N ò rí ọtí lẹ́nu ẹ̀ rí, Màmá. Ṣùgbọ́n ohun kan ni o. Bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ jókòó. A kì í bá ẹnì kan ṣoṣo sọ ọ́."

"Ṣé a máa ń bá ẹnì kan sọ ọ́ ni! Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé. A mà ti ń retí yín tipẹ́ o."

Àbísóyè gbé fóònù kalẹ̀, ó sì fi àga náà yí po lẹ́ẹ̀mejì. Òun rí ẹni tó lóye inṣọ́ránsì!

Ìyá Oyíndà ò lóye inṣọ́ránsì kankan. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti jáde ní yunifásítì ló ti ń na etí de irú ìpè yìí gan-an. Bí wọ́n ṣe ń wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òbí náà nìyẹn: alárinà ló ń ṣáájú, kì í sọ ọ́ lórí fóònù, ó sì máa ń ní kí bàbá àti ìyá wà nílé. Ó ku kó gbé iṣu dání. Ìyá náà ò sì sọ fún Oyíndà, kó má baà lé ire náà sá. Ó ránṣẹ́ sí àwọn àgbà, ó sì gbé ìkòkò kaná.

Nígbà tó di Sátidé, Mandla ló wa mọ́tò. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ó gbé agbọ̀n èso kan tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù dì sẹ́yìn ọkọ̀: ọsàn, ápù, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìgò oyin kan láàárín. Ọgbọ́n tirẹ̀ nìyẹn. Kì í wọ ilé àgbà lọ́wọ́ òfo. Ara Àbísóyè ò balẹ̀. Bí iná róbọ́ọ̀tì tó ń darí ọkọ̀ bá pọ́n, á fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ rìn. Bó bá di àwọ̀ ewé, á fẹ́ kó tún pọ́n.

"Bí wọ́n bá ti yí ọkàn padà ńkọ́?"

"Sisi, sinmi," Mandla ní. "Ẹni tó ní òun ti ń retí wa!"

Mọ́tò ti kún iwájú ilé náà. Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí àwọn àgbà tí wọ́n jókòó yíká palọ̀. Ojú Mandla ń dán.

"Gbogbo wọn ló fẹ́ rà á?"

Bàbá Àjíṣafẹ́, àgbà ìjọ kan ní Berea tí ohùn rẹ̀ kò nílò máíìkì, ló dí ẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ bá wá?"

Àbísóyè kúnlẹ̀. Ó rántí ẹ̀yìnkùlé. "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ọmọ yín la bá wá, sà."

Ariwo sọ nínú ilé.

"Ẹ gbé nǹkan dání?"

Ó nawọ́ sí agbọ̀n. Ariwo kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ẹ wọlé! Kí ọ̀gbẹ́ni dọ̀bálẹ̀!"

"Kí ló wí?" Mandla bi í ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Ó ní kí o dùbúlẹ̀."

"Tèmi ti kóòtù?"

"Mandla, yàrá mi ni mò ń wò yìí o. Dùbúlẹ̀!"

Mandla nà gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ilé gba ìyìn. "Súlù tó mọ̀wà!" Ìyá Oyíndà ń pariwo, ó ń nu ojú. "Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé!" Wọ́n gba agbọ̀n pẹ̀lú orin, wọ́n sì fa Oyíndà jáde láti yàrá, ìdajì irun rẹ̀ dì, ìdajì tó kù dúró gangan.

"Ta nìyí?" Oyíndà bèèrè.

Mandla gbé orí sókè láti ilẹ̀. Ó wo agbọ̀n, ó wo àwọn àgbà, ó wo ọmọbìnrin náà. Àwọn Súlù náà kúkú máa ń ránṣẹ́ tọrọ ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ti jókòó sínú irú palọ̀ yìí rí, kò sì gbàgbé òógùn tó là.

"Eish. Àbísóyè, ìyàwó ni wọ́n rò pé a wá fẹ́. Sọ fún wọn pé mo níyàwó. Kíá!"

Ìpayà ò jẹ́ kí Àbísóyè rántí ẹ̀yìnkùlé mọ́. "Ó ní kí n sọ fún yín pé òun níyàwó nílé."

Àwọn tó gba agbọ̀n gbé e kalẹ̀.

"Ó ní kí ni?" Bàbá Oyíndà, Adéoyè fúnra rẹ̀, dìde. "Ọmọ mi ló fẹ́ fi ṣe ìyàwó kejì? Ó sì gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó wá?"

"Ẹ má bínú, sà! Kì í ṣe ìyàwó. Inṣọ́ránsì ni. Inṣọ́ránsì ẹ̀mí."

"Ẹ̀mí ta?"

"Tiyín, sà."

Ẹ ò mọ ariwo! Bàbá Oyíndà yí ọwọ́ po orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá Àjíṣafẹ́ ti ń da ẹ̀jẹ̀ Jésù sí gbogbo kọ̀rọ̀ ilé. "Ẹ jáde! Ẹ gbé oyin yín!"

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà tán kí ìyá Oyíndà tó tẹsẹ̀ dí i. Omijé ayọ̀ ò tíì gbẹ lójú rẹ̀ tí ìbínú fi bá a níbẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò lọ. Láti àná ni mo ti ń dáná. Àlejò kì í kúrò nílé mi láìjẹun, ì báà jẹ́ ikú ló rán an. Ẹ jókòó!"

Wọ́n jókòó. Ìrẹsì àti adìyẹ dé. Fóònù Àbísóyè gbọ̀n. Lindiwe ló ránṣẹ́: ṣé ẹ ti jókòó? Wọ́n jókòó lóòótọ́. Ẹ̀yìn ni Bàbá Oyíndà kọ sí wọn. Àbísóyè ń jẹ ìrẹsì, ó ń gbọ́ bí Àǹtí Tawakalit ṣe ń hanrun láti Berea.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Oyíndà ti wà lórí fóònù tirẹ̀. "Lékan, ibo lo wà? Kì í ṣe ẹ̀rín o. Ọkùnrin kan ti dọ̀bálẹ̀ ní palọ̀ wa, bàbá mi ò sì tíì mọ̀ pé o wà láyé! Oṣù tó ń bọ̀, oṣù tó ń bọ̀ lo máa ń wí. Ẹni tó gbé agbọ̀n wá ò sọ oṣù tó ń bọ̀ o!"

Wọn ò tíì jẹ eegun adìyẹ tán tí Lékan fi já wọlé. Fóònù ló ń tún ṣe ní Berea. Irin tó fi ń tú ìdè fóònù ṣì wà ní àpò àyà rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbàà níwájú Bàbá Oyíndà.

Bàbá wò ó. "Ìwọ náà níyàwó?"

"Rárá, sà. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

"Àwọn èèyàn rẹ dà?"

Lékan wò yíká. Ìlá Ọ̀ràngún ni gbogbo èèyàn rẹ̀ wà. Ó wá nawọ́ sí Mandla àti Àbísóyè tí ẹnu wọn kún. "Àwọn nìyẹn, sà. Wọ́n ti ṣáájú mi dé."

Àbísóyè fẹ́ sọ pé irọ́ ni, ẹran ò jẹ́. Bàbá Àjíṣafẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Adéoyè, èyí gbọ́n o!"

Bàbá Oyíndà ò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. O ń tún fóònù ṣe. Ojoojúmọ́ lò ń wọ taxi tí ń sáré bí aṣínwín. Bí nǹkan bá ṣe ọ́ lọ́la, kí lọmọ mi ó fi ra búrẹ́dì?"

Àbísóyè gbé ṣíbí kalẹ̀. Mandla, tí kò gbọ́ Yorùbá, gbọ́ búrẹ́dì. Òun náà gbé orí sókè. Ìbéèrè tí ìdajì Berea tìtorí rẹ̀ ṣépè fún Àbísóyè nìyẹn o! Kò sẹ́ni tó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn ń wo Lékan, wọ́n ń retí èsì.

"Bàbá Oyíndà," ìyàwó rẹ̀ ní. Kò gbé ohùn sókè. "Ìbéèrè gidi lẹ bi í. Ó pẹ́ tí èmi náà ti fẹ́ bi yín."

"Bi mí ní kí ni?"

"Bí nǹkan bá ṣe yín lọ́la, kí ni n ó fi ra búrẹ́dì?"

Bàbá Oyíndà wo Bàbá Àjíṣafẹ́. Bàbá Àjíṣafẹ́ ń wo àjà. Bàbá Oyíndà ya ẹnu. "Ọlọ́run má..."

"Ọlátúnbọ̀sún ọ̀rẹ́ yín náà máa ń wí bẹ́ẹ̀ kó tó kú," obìnrin náà ní. "Bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń rí ìyàwó rẹ̀ létí títì, níbi tó ti ń pàtẹ tòmátò. Mi ò ní í mọ ibi tí n ó gbé ojú sí."

Ọkùnrin náà jókòó. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àga rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, igi ń han lórí ilẹ̀, títí ó fi kọjú sí Àbísóyè.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí. Ìyá jókòó?"

"Wọ́n jókòó, sà."

"Bàbá náà jókòó. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lo wí. Ní kí ọkọ oníyàwó yẹn bẹ̀rẹ̀."

Mandla nu ẹnu, ó ṣí báàgì. Bó ṣe ń ṣí i ni fóònù Àbísóyè tún pariwo. Lindiwe ni. Ó ń tọwọ́ bọ àpò wá a.

"Pa nǹkan yẹn," Bàbá Oyíndà ní. "Ṣé o ò rí i pé ọ̀rọ̀ ikú mi là ń sọ ni?"

Láti orí ilẹ̀, ohùn Lékan wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n dìde?"

"Dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá parí tèmi, tìẹ ló kàn."