Bóòtù Kékeré Ni A Rà

Ní ọdún tí owó Údòjì jáde, tí ìjọba kó àfikún owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àbúrò ọkọ mi gba tirẹ̀. Múdàṣírù ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìkẹjà. Ọkọ mi, Bàbá Sìdíkátù, jẹ́ mẹkáníìkì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, inú ilé kan náà ni gbogbo wa sì ń gbé ní Ìkọ̀tún, yàrá tiwa kọjú sí yàrá Akọ̀wé àti Àdíját ìyàwó rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra fáànù, wọ́n ra alùpùpù, òmíràn fẹ́ ìyàwó kejì. Akọ̀wé kò ra nǹkan kan. Ó wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí owó náà ṣiṣẹ́, kí àwọn méjèèjì jọ ṣe é, owó látọ̀dọ̀ òun, ọgbọ́n ọwọ́ látọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Ohun tó ń wò ni omi. Ní ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀gun, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wọ ọkọ̀ alájẹ̀ kọjá sí òdìkejì láràárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun rẹpẹtẹ. Èmi náà ń kọjá pẹ̀lú wọn, ìrẹsì ni mò ń sè fún àwọn bíríkìlà lọ́hùn-ún. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá gbé bóòtù ẹlẹ́ńjìnnì wá síbẹ̀ kò ní wá èrò tì.

Àwọn òyìnbó kan tí wọ́n ń fa iyanrìn ti parí iṣẹ́ wọn, bóòtù méjì tí wọ́n ti lò ló ṣẹ́ kù fún títà. Festus, ọlọ́dẹ tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, ló mú wa lọ wò ó ní ọ̀sán Sátidé kan. Èyí kékeré kò gbà ju ènìyàn mẹ́jọ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Bàbá Sìdíkátù fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó dáhùn. Èyí ńlá ní òrùlé àti bẹ́ǹṣì, ó lè gba èrò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láì fún wọn mọ́ra. Ṣùgbọ́n inú ikùn rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, ó sì wúkọ́ títí kó tó jí, èéfín dúdú bo ojú wa. Bàbá Sìdíkátù ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé èjìká. Nígbà tó dìde, ó ní kì í ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe, àmọ́ ó máa gba sùúrù.

Akọ̀wé ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú èyí ńlá, ó na ẹsẹ̀ bí ẹni wà nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí ni. Tí a bá ń kó mẹ́jọ mẹ́jọ, àwọn tó kù létí omi ńkọ́?”

Ọkọ mi ní òun á rò ó.

Nígbà tí a délé, ó bi mí léèrè èyí tí ọkàn mi fẹ́. Èmi ni mo ní kó ra kékeré. N kò lè parọ́ fún ara mi lórí èyí. Mo ní owó àbúrò rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe owó tí a fi ń dán nǹkan wò. Mo tún ní bí bóòtù ńlá bá dojú dé pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ta ni yóò gbé òkú ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rù? Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún Akọ̀wé pé òun ti pinnu, kékeré ni àwọn yóò rà. Kò dárúkọ mi sí i.

Ojú Akọ̀wé wálẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbọ́n. Kékeré náà dára.”

Kọńgílá kan láti Ẹ̀gbẹ́dá ló ra èyí ńlá, etí omi kan náà ló sì gbé e wá.

Oṣù méje gbáko ni bóòtù wa fi ṣiṣẹ́ láì dójú tì wá. Tí Akọ̀wé bá ráyè kúrò ní ọ́fíìsì, á wá sí òdìkejì láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ to èrò. Àdíját bí ọmọ kejì lásìkò náà.

Ó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Júùnù, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn òjò ńlá. Omi ti kún, ó pọ́n, ó ń sáré. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló fẹ́ tètè dé ilé. Ọkọ mi ní òun kò ní kó ju èrò márùn-ún lọ lórí omi bẹ́ẹ̀. Àyè ti kún, Akọ̀wé sì ti jókòó sínú bóòtù wa kí n tó dé pẹ̀lú ìkòkò mi. Ó dìde, ó ní kí n jókòó sáyè òun, òun á wọ ọkọ̀ alájẹ̀ tó ń tẹ̀ lé wa. Mo jókòó. N kò jiyàn kankan.

A ti kọjá àárín omi díẹ̀ nígbà tí a gbọ́ igbe lẹ́yìn. Èrò ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀ alájẹ̀ náà, ìgbì sì ti dojú rẹ̀ dé. Orí ènìyàn kún ojú omi. Bàbá Sìdíkátù yí bóòtù padà kíá. Àwa mẹ́fà la wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. A fa àwọn mẹ́rin wọlé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wọlé létí bóòtù. Mẹ́ta mìíràn di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, Akọ̀wé wà lára wọn, ní ọ̀dọ̀ èmi gan-an. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Bóòtù fì sí ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ké.

Ọkọ mi rí i pé gbogbo wa máa rì. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i bó ṣe rí i. Ó ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bóòtù sílẹ̀, kí wọ́n lọ di ọkọ̀ tó dojú dé yẹn mú, òun á kó àwa tó wà nínú rẹ̀ dé èbúté, òun á padà wá. Kì í ṣe pé ó pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Akọ̀wé wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ó dáa. Ẹ tètè bọ̀.” Ó wá kọjú sí mi. “Ìyàwó, fi ọwọ́ mi sílẹ̀.”

N kò fi í sílẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ kejì ṣí ìka mi, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Létí omi, àwọn ọmọọṣẹ́ kọńgílá ń gbìyànjú láti jí ẹ́ńjìnnì bóòtù ńlá náà, ó ń wúkọ́, ó ń kú. A bọ́ sílẹ̀, ọkọ mi sáré padà. Ẹni méjì ló bá lórí ọkọ̀ tó dojú dé. Wọ́n ní Akọ̀wé gbé ọ̀kan nínú wọn gùn ún, òun fúnra rẹ̀ kò rí ibi dì mú. Ẹni mẹ́fà ni omi gbé lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí bóòtù ńlá jí, kò sí ẹnì kankan mọ́ tó máa kó.

Ọjọ́ kẹta ni a rí i nínú eèsún. A wẹ̀ ẹ́, a kí ìrun sí i lára, a sin ín ní Ìkọ̀tún.

Àwọn aládùúgbò ń wá tù wá nínú. Wọ́n ní bó bá jẹ́ ńlá la rà ni, kì bá jí náà, ṣé a ò rí i fún ara wa ni? Mo máa ń fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ kọńgílá tí kò mọ ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì ni bóòtù yẹn ti kọ̀ láti jí. Ká ní ọwọ́ ọkọ mi ló wà fún oṣù méje yẹn, ì bá ti tún un ṣe. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Àdíját dìde láàárín mọ̀lẹ́bí, ó gbé ọmọ pọ̀n. Kò sunkún. Ó ní, “Ọkọ mi fẹ́ ńlá. Ó sọ fún mi. Ta ló kọ̀ ọ́ fún un?”

Ọkọ mi ní, “Èmi ni.”

Mo tẹ orí ba. Ìyá wọn tó wá láti Ọ̀yọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí. Ọ̀rọ̀ náà kọjá báyìí, n kò sì sọ ọ́ fún wọn títí di òní. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Àdíját kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Kò kí mi kó tó wọ ọkọ̀.

Bàbá Sìdíkátù kò bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ kó bá mi jà. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, mo ní èmi ni mo fà á. Ó ní kí n bu omi fún òun, òun fẹ́ ṣe àlùwàlá. Láti ìgbà náà, bó bá ti jẹun tán, á dúpẹ́, á kọjú sí ògiri. Tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín títí n ó fi bẹ̀ ẹ́.

Kò lè pa iṣẹ́ náà tì, torí inú owó bóòtù ni oúnjẹ àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ti ń wá. Ó ń kó èrò kọjá orí omi yẹn láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Èmi kò se ìrẹsì lọ́hùn-ún mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ dàgbà díẹ̀, tí Àdíját sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ọkọ mi ta bóòtù náà fún àwọn apẹja kan. Wọ́n wá sílé wa ní òwúrọ̀ láti gba kọ́kọ́rọ́ ṣéènì tí wọ́n fi dè é. Ó nà án sí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ṣé kò ní bá àwọn dé etí omi ni, kó fi hàn wọ́n bó ṣe ń ṣe. Ó ní kò sí ohun tó wà níbẹ̀ láti fi hàn, tí wọ́n bá ti fa okùn, á dáhùn. Ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi náà jókòó sórí àpótí títí ilẹ̀ fi ṣú.