Ìkẹwàá Nínú Àwọn Ẹlẹ́nu-Dòjé

Bí ẹyẹ kan bá wà tí Ẹlẹ́dàá ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń mọ ọ́n, ẹlẹ́nu-dòjé ni. Ara rẹ̀ funfun báláú, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n orí àti ọrùn pá, kò ní ìyẹ́ kan, ó dúdú, ó sì hunjọ bí awọ bàtà tí òjò pa. Ẹnu wá gùn, ó tẹ̀ bí dòjé. Àwọn oníwèé ń pè é ní áíbíìsì. Inú ẹrẹ̀ ló ti ń wá oúnjẹ: á ki ẹnu bọ irà, á máa fi táràrà kiri bí afọ́jú tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Alákàn ni o, kòkòrò ni o, ohun tó bá ti kan ẹnu rẹ̀ ti di tiẹ̀.

Màmá Ẹyẹ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́ ọmọ wọn nílé ìtọ́jú ẹyẹ tó wà létí àbàtà. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Òfin kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ ẹyẹ lóúnjẹ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ funfun dé ẹsẹ̀, kó fi ìbòrí dúdú bojú, kó ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹyẹ tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, kó sì panu mọ́. Ẹyẹ tó bá mọ ènìyàn ní ìyá kò ní bá ẹyẹ lọ mọ́. Màmá Ẹyẹ fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní òfin yìí. Òun náà ló sì rú u. Ẹ má tíì bínú sí i.

Ẹyin mẹ́wàá ni wọ́n kó wá lọ́dún yẹn, nígbà tí igi táwọn ẹyẹ kọ́lé sí wó sómi. Ìkẹwàá ló pẹ́ jù kó tó pa. Ẹnu rẹ̀ ṣì gún régé, torí ọmọ wọn kì í gbé ẹnu dòjé wáyé; bó ṣe ń dàgbà ló ń tẹ̀. Kò jẹun rárá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá Ẹyẹ sin ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ó sin ọmọ lọ́jọ́ Ẹtì, ó wọṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Omijé kún inú ìbòrí, kò ríran mọ́, ló bá ṣí i kúrò lójú. Ọmọ ẹyẹ náà gbójú sókè wò ó, ó ki ẹnu bọ àárín ìka rẹ̀, ó jẹun.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi," ló wí. "Ìwọ má kú o jàre."

Láti ọjọ́ náà, kò bojú fún ìkẹwàá mọ́, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Nígbà tí wọ́n dàgbà tó, dókítà ẹyẹ ṣílẹ̀kùn ilé àwọ̀n. Mẹ́sàn-án na ọrùn síwájú, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n gba òdìkejì odò lọ. Ìkẹwàá fò yípo lẹ́ẹ̀kan, ó bà sẹ́bàá ẹsẹ̀ Màmá Ẹyẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu fa okùn bàtà rẹ̀.

Dókítà wo ẹyẹ, ó wo obìnrin náà. "Màmá, ẹ ṣíjú fún un?"

"Mo ṣíjú fún un, dókítà."

"Háà! Ẹ̀yin fúnra yín, Màmá?" Kò tilẹ̀ lè bínú. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn tó ń la ọ̀nà máa da iyẹ̀pẹ̀ dí àbàtà yìí. Bí kò bá lọ, kò síbi tá a máa gbé e sí. Ẹ lé e. Ẹ lé e títí á fi kórìíra yín."

Ó lé e. Ó ju ẹrẹ̀ lù ú. Ẹyẹ náà rò pé oúnjẹ ni, ó ń tú ẹrẹ̀ wò. Màmá Ẹyẹ bú u: "Olóríburúkú! Apárí! Ṣé o ò lẹ́gbẹ́ ni?" Ohùn yẹn ló mọ̀ jù láyé, bí Màmá Ẹyẹ ṣe ń pariwo tó ni ẹyẹ náà ń sún mọ́ ọn tó. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ funfun àti ìbòrí, ó ní bóyá òun á lè fà á lọ bí ìyá ẹyẹ. Ẹyẹ náà sá fún un. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tó ti ń jẹun, ó ń retí obìnrin tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó mú igi. Ó nà án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ń sunkún bó ṣe ń nà án. Ẹyẹ náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó fò, kò sì wẹ̀yìn. Màmá Ẹyẹ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó dúpẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ẹ gbọ́ mi, inú rẹ̀ dùn fún odidi wákàtí kan.

Lébìrà kan lára àwọn tó ń la ọ̀nà lẹ́yìn àbàtà ló gbé ẹyẹ náà wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fi ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ wé e. Ọmọlúàbí ni, ojú ń tì í.

"Ẹ má bínú, Mà. Wọ́n ní ibí ni wọ́n ti ń tọ́jú wọn. Ó ń bọ̀ tààrà síwájú mi pẹ̀lú ẹnu gígùn yẹn, mo ní ojú mi ló fẹ́ yọ. Ṣọ́bìrì ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni." Ó tún ẹ̀wù náà ṣe lára ẹyẹ. "Mo kọ́kọ́ lé e o. Mo pariwo mọ́ ọn. Ńṣe ló túbọ̀ ń sún mọ́ mi. Ẹyẹ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Mà?"

Màmá Ẹyẹ gba ẹyẹ náà mọ́ra, tòun tẹ̀wù. "Ọmọ mi ni," ló wí. "Èmi ni mi ò kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó bẹ̀rù."

Ọkùnrin náà béèrè bóyá òun lè bá wọn gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n máa sin ín sí.

Màmá Ẹyẹ ní kó lọ mú ṣọ́bìrì rẹ̀ wá.